Adé Láìsí Ajẹ́lẹ̀: Bí Àwọn Ọọ̀ni Ṣe Fẹsẹ̀ Agbára Ọba Múlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí àwọn ọba Ilé-Ifẹ̀ gbà fẹsẹ̀ agbára wọn múlẹ̀, láti ìgbà tí ìtàn àtẹnudẹ́nu so mọ́ orúkọ Odùduwà títí di ọdún 1980 tí Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí wàjà. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò tíì kọ̀wé nípa Ifẹ̀ rí. Ohun tí a ti kọ pọ̀ jọjọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wo àwọn ìwé náà, a ó rí i pé ọ̀nà méjì ni àwọn òǹkọ̀wé pín sí. Àwọn kan gbà pé Ifẹ̀ ni orírun, pé ibẹ̀ ni adé ti jáde, nítorí náà agbára Ọọ̀ni kò tún nílò àlàyé kankan. Àwọn mìíràn ń fi ojú ọ̀rúndún kọkàndínlógún wo gbogbo ìtàn ìlú náà, ìyẹn ìgbà tí ogun kó Ilé-Ifẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń sọ pé àwòrò lásán ni Ọọ̀ni, pé kò fi ìgbà kan jẹ́ ọba tí ń ṣe ìjọba. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, ni aṣáájú nínú àwọn tí ó ní èrò kejì yìí.

Èrò tiwa ni pé ìhà méjèèjì ni ó fi nǹkan sílẹ̀. Ènìyàn ni ó kọ́ agbára Ọọ̀ni, wọ́n kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi ọgbọ́n ìṣèlú kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n irú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ó sọ ibi tí yóò ti lágbára àti ibi tí yóò ti yẹ̀. Wọ́n ní adé. Wọn kò ní ajẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá ní ohun tí ó jọ ajẹ́lẹ̀, ọwọ́ àlejò ni wọ́n ti gbà á, àlejò náà kò sì fi í sílẹ̀ fún wọn títí.

Ẹ̀rí mẹ́ta ni a óò lò: ìtàn àtẹnudẹ́nu, iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn, àti ohun tí a kọ sílẹ̀. Ó yẹ kí á rántí pé ìtàn tí a ń sọ ní ààfin Ènuwà kì í ṣe ọ̀kan náà ní gbogbo ọ̀nà pẹ̀lú èyí tí àwọn ẹlẹ́bọ Ọbàtálá ń sọ. Ẹni tí ó borí ni ó ń sọ ìtàn ní ojú gbangba. Ẹni tí a borí a máa fi tirẹ̀ pamọ́ sínú ọdún àti orò. Àwa gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

2. Òṣùwọ̀n kan láti òkèèrè

Kí ọ̀rọ̀ wa lè ní òṣùwọ̀n, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ilẹ̀ Faransé wò. Ní ọdún 987 ni wọ́n fi Hugh Capet jẹ ọba níbẹ̀. Ilẹ̀ tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gan-an kò ju agbègbè Paris àti Orléans lọ. Àwọn ìjòyè ńlá tí wọ́n ń pè é ní olúwa wọn ní ilẹ̀ àti ọmọ ogun jù ú lọ. Ọ̀kan nínú wọn, olórí Normandy, ni ó ré òkun kọjá ní ọdún 1066 tí ó sì di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ọba Faransé wá ní tí àwọn wọ̀nyí kò ní? Òróró. Òróró mímọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Reims ń ta sí i lórí ní ọjọ́ ìwúyè sọ ọ́ di ẹni Ọlọ́run, ẹni tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Òun àti àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ sì gbọ́n: bí bàbá bá wà láàyè ni ó ti ń fi ọmọ rẹ̀ jọba, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ bí ó bá kú. Wọn kò ṣíwọ́ àṣà yìí títí di ọdún 1179 tí wọ́n dé Philip Kejì ládé.

Philip Kejì yìí, tí ó jọba láti ọdún 1180 sí 1223, ni ó gun àtẹ̀gùn kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ènìyàn tí a lè fi wé ajẹ́lẹ̀ wa lọ sí ìgbèríko. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà. Oyè wọn kì í ṣe ti ìdílé. Ọba lè ṣí wọn nípò nígbà tí ó bá wù ú. Wọ́n sì ń mú ìṣirò owó wá sí Paris. Ní ọdún 1204 ó gba Normandy. Ní ọdún 1214 ó ṣẹ́gun ní Bouvines. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Louis Kẹsàn-án (1226–1270), tún gun àtẹ̀gùn kẹta: ní ọdún 1247 ó rán àwọn olùwádìí káàkiri láti gbọ́ ẹ̀sùn tí àwọn ará ìlú ní sí àwọn aṣojú ọba fúnra wọn. Bí a bá wò ó, ohun mímọ́ ni ó ṣíwájú, aṣojú ni ó tẹ̀ lé e, ilé-ẹjọ́ ni ó gbẹ̀yìn. Ìbéèrè tí ó kù fún wa ni pé: mélòó nínú àtẹ̀gùn mẹ́ta yìí ni Ọọ̀ni gùn, ta ni ó sì gbé àtẹ̀gùn náà kalẹ̀ fún un?

3. Bí ìletò ṣe di ìlú

Ìtàn Ifẹ̀ sọ fún wa pé ìletò mẹ́tàlá ni ó wà ní àgbègbè náà kí Odùduwà tó gba àkóso. Ìdẹ̀ta, Ìjùgbẹ̀, Ìwìnrìn àti Ìráyè wà lára wọn. Olúkúlùkù ní olórí tirẹ̀ àti òrìṣà tirẹ̀. Ìjà wáyé láàrin àwọn tí ó wà lẹ́yìn Odùduwà àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn Ọbàtálá. Ẹgbẹ́ Odùduwà ni ó borí.

Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni ohun tí ẹni tí ó borí ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́gun. Kò pa orúkọ Ọbàtálá rẹ́. Ọbàtálá ní àwòrò títí di òní, ó ní ojúbọ, ó sì ní ọdún Ìtàpá tirẹ̀, nínú èyí tí a ti ń rántí ìjà náà. Àwọn olórí ìletò pẹ̀lú kò pa rẹ́. Oyè ni a fi dá wọn lọ́lá. Ẹ jẹ́ kí á wo orúkọ àwọn oyè ńlá Ifẹ̀: Ọbalúfẹ̀, Ọbalọ́ràn, Ọbajùgbẹ̀, Ọbawìnrìn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá mìíràn, kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ kí ìjòyè máa jẹ́ orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'ọba'. Ní Ifẹ̀, ó wọ́pọ̀. Lójú tiwa, ẹ̀rí ni èyí pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ṣe ọba ní ìletò wọn rí, àti pé àdéhùn ni a fi kó wọn wọ abẹ́ adé kan. A gba agbára lọ́wọ́ wọn, a fi orúkọ sílẹ̀ fún wọn.

Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó ní iye tí ó náni. Ẹni tí a fi orúkọ ọba sílẹ̀ fún kò ní gbàgbé pé òun jẹ́ ọba rí.

4. Ìlẹ̀kẹ̀ àti bàbà

Àwọn awalẹ̀pìtàn ti fún wa ní ìmọ̀ kan tí ìtàn àtẹnudẹ́nu nìkan kò lè fún wa. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí àpáàdì ìkòkò tí gíláàsì ti dì mọ́ nínú ní Igbó Olókun. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn kan fi rò pé gíláàsì àjòjì ni àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́. Ìwádìí ọ̀rúndún yìí, pàápàá iṣẹ́ Abídèmí Babalọlá, ti fi hàn pé láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe gíláàsì, láti inú èròjà tí ó wà ní àdúgbò. A sì ti rí irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìlú tí ó jìnnà, títí dé Gao létí aṣálẹ̀.

Ní ti bàbà, a kì í wà á ní ilẹ̀ Ifẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń wá, olówó ni ó sì lè rà á. Síbẹ̀, bàbà pọ́nbélé ni wọ́n fi rọ ìbòjú tí a ń pè ní Ọbalùfọ̀n, èyí tí ó wà ní ìpamọ́ ní ààfin láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, ni wọ́n kan àwọn orí idẹ àti bàbà tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ihò wà lára púpọ̀ nínú wọn ní ibi tí adé tàbí irun yẹ kí ó wà. Frank Willett àti àwọn mìíràn rò pé a máa ń dé wọn ládé níbi àṣeyẹ tí ó tẹ̀ lé ikú ọba, kí ó lè hàn sí ará ìlú pé ọba lọ, ipò kò lọ.

Bí a bá so àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí pọ̀, a ó rí i pé ọba tí ìlẹ̀kẹ̀ ń ti ìlú rẹ̀ jáde kì í ṣe ọba tí ń gbé ẹnu lásán. Adé ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ àmì, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ọjà. Ẹni tí ó ń ṣe ọjà náà ni ó lè sọ ẹni tí ó tọ́ kí ó lò ó. Òróró Reims kò ní ọjà. Ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ní. Ní ìhà yìí, Ọọ̀ni ìgbà náà tilẹ̀ sàn ju Hugh Capet lọ.

5. Ààfin, ìjòyè àti ẹmẹsẹ̀

Nínú ìlú, oríṣi ìjòyè méjì ni ó yí Ọọ̀ni ká. Àwọn Ìharè ni ìjòyè ìlú, Ọbalúfẹ̀ sì ni olórí wọn. Àwọn Mọ̀dẹ́wà ni ìjòyè ààfin, Lọ́wà sì ni olórí wọn. Ìharè ń sọ ti àdúgbò, Mọ̀dẹ́wà ń sọ ti ọba. Ètò yìí jẹ́ ohun èlò ìjọba gidi. Bí Ìharè bá ń lágbára jù, ọba a máa gba inú Mọ̀dẹ́wà lò. Bí ọba bá fẹ́ dá nìkan ṣe é, Ìharè a máa rán an létí.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ọba tí a fi fífá apá kan orí wọn dá mọ̀. Ibi tí ẹmẹsẹ̀ bá dé, ọba ni ó dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́; wọn kì í jókòó sí ìlú tí a rán wọn sí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹmẹsẹ̀ àti ajẹ́lẹ̀ nìyí. Ọ̀yọ́ ní ajẹ́lẹ̀, Ìbàdàn náà ní. Ajẹ́lẹ̀ a máa gbé ìlú tí a fi sí, a máa gba ìṣákọ́lẹ̀, a sì máa fi etí gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní òru. Ẹmẹsẹ̀ ní tirẹ̀ yóò jíṣẹ́, yóò sì padà sí Ènuwà.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Ọlọ́jọ́, Ọọ̀ni a máa dé adé Aàrè, a máa kúrò ní ààfin, a sì máa gba Ènuwà kọjá lọ sí Òkè Mògún. Níbẹ̀ ni àwọn ìjòyè ti ń tún ìtẹríba wọn ṣe. Ní ayé àtijọ́, tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí Ọọ̀ni, ọjọ́ kan yìí tó ẹgbẹ̀rún ọjọ́. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ó níyì.

Ibì kan wà tí Ọọ̀ni kò ti lè ṣe bí ọba Faransé. Kò lè fi ọmọ rẹ̀ jọba ní ojú ayé rẹ̀. Ìdílé mẹ́rin ni ó ń jẹ oyè náà, ìyẹn Ọ̀ṣínkọ́lá, Ògbórú, Gíẹ̀sí àti Láfogído, ọwọ́ àwọn afọbajẹ àti Ifá sì ni yíyàn wà. Nítorí náà, ohun tí ọba kan bá kó jọ kì í sábà di ti ọmọ rẹ̀.

6. Adé tí ó ti Ifẹ̀ jáde

Ní òde Ifẹ̀, okùn ìbátan ni Ọọ̀ni fi so àwọn ọba mìíràn mọ́ra. Ọ̀jọ̀gbọ́n I. A. Akínjógbìn, nínú ìwé rẹ̀ lórí Dàhómì tí ó jáde ní ọdún 1967, ni ó fi orúkọ ẹbí pe ètò yìí: ìlú kọ̀ọ̀kan dá dúró, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń ka ara wọn sí ọmọ bàbá kan, Ifẹ̀ sì ni ilé bàbá. Ìtàn Ọ̀rànmíyàn ní Benin àti ní Ọ̀yọ́ wà nínú ẹbí yìí. Ìlú Ifẹ̀ kan náà ni ibi tí a ń pè ní Ọ̀run Ọba Adó wà, níbi tí ìtàn sọ pé wọ́n ń sin orí àwọn ọba Benin sí.

Ẹ̀rí kan wà tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Pọtugí wá. João de Barros, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ròyìn ọba ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Ogané, tí ọba Benin máa ń ránṣẹ́ sí bí ó bá gorí oyè. Ogané a máa fi ọ̀pá, fìlà àti àgbélébùú idẹ ránṣẹ́ padà. Láìsí ìwọ̀nyí, àwọn ènìyàn kò ní ka ọba Benin náà kún ọba. Ẹ̀yìn aṣọ títa ni Ogané wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó sì ń jẹ́ kí wọ́n rí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ọọ̀ni ni. A. F. C. Ryder ta kò wọ́n ní ọdún 1965, nítorí pé ìhà ìlà-oòrùn Benin ni ìròyìn náà tọ́ka sí, Ifẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Àríyànjiyàn yìí ní ìwọ̀n, a kò sì gbọdọ̀ fò ó. Ṣùgbọ́n yálà Ọọ̀ni ni tàbí òun kọ́, ìròyìn náà kọ́ wa pé ní àgbègbè wa yìí, ní ayé ìgbà náà, ọba kan lè fìdí ọba mìíràn múlẹ̀ láìrán ọmọ ogun kan ṣoṣo.

7. Ìdánwò ọ̀rúndún kọkàndínlógún

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, ní nǹkan bí ọdún 1836, àwọn tí ogun lé wọ Ifẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Abẹ́ àwọn ìjòyè ni wọ́n kọ́kọ́ wà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko fún wọn. Ọọ̀ni Abẹ́wẹ̀ílá, ní àárín àwọn ọdún 1840, yọ wọ́n kúrò níbẹ̀, ó sì tẹ̀ wọ́n dó sí Mọ́dákẹ́kẹ́. Ó yẹ kí a wo ìgbésẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ìṣèlú. Ní ilẹ̀ Faransé, ọba máa ń fún àwọn ìlú tuntun ní òmìnira kí wọ́n lè jẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n má ṣe jẹ́ ti ìjòyè. Ohun kan náà ni Abẹ́wẹ̀ílá ń wá: àwọn ènìyàn tí yóò máa wo ojú ọba, láìgba ọwọ́ Ìharè kọjá.

Kò yọrí sí rere. Àwọn ìjòyè kò fara mọ́ ọn. Ní ọdún 1849 ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n kó Ilé-Ifẹ̀, àwọn ará ìlú sì sá lọ sí Ìṣọ́yà. Nígbà ogun Kírìjì, ní ọdún 1882, ìlú tún fọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe iṣẹ́ wa láti dá ẹjọ́ láàrin ará Ifẹ̀ àti ará Mọ́dákẹ́kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti ta sílẹ̀, títí dé ìparí ọ̀rúndún ogún, pọ̀ ju ohun tí a lè fi ìwé ṣeré lórí rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé Philip Kejì ní ajẹ́lẹ̀ àti owó tí yóò fi ti irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Abẹ́wẹ̀ílá kò ní.

Dérìn Ọlọ́gbẹ́ńlá fi ìdàkejì rẹ̀ hàn. Jagunjagun ni, òun sì ni olórí Òkè-Igbó. Wọ́n yàn án ní Ọọ̀ni ní ọdún 1880, ṣùgbọ́n Òkè-Igbó ni ó jókòó sí títí ó fi wàjà ní ọdún 1894. Ó ní ọmọ ogun, kò ní Ènuwà. Abẹ́wẹ̀ílá ní Ènuwà, kò ní ọmọ ogun. Kò sí èyí tí ó pé nínú àwọn méjèèjì.

8. Àtẹ̀gùn tí àlejò gbé kalẹ̀

Ní ọdún 1903, ìjà adé ṣẹlẹ̀ ní Rẹ́mọ. Ẹlẹ́pẹ̀ ti dé adé ìlẹ̀kẹ̀, Akárìgbò sì ní kò tọ́ sí i. Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní, ó sì lọ sí Èkó. Ìdáhùn tí ó fún wọn ṣe kedere: Ẹlẹ́pẹ̀ kò sí lára àwọn tí ó gba adé láti Ifẹ̀. Ìtàn sọ pé àwọn ọba mìíràn jáde kúrò ní ààfin wọn títí Ọọ̀ni fi padà sí Ènuwà. Ogójì ọdún ó lé mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ kó ìlú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu Ọọ̀ni ti di ohun tí ìjọba òyìnbó ń kọ sínú ìwé rẹ̀. Adé tí ogun kò lè dáàbò bò ni ó dáàbò bo ìlú.

Ọọ̀ni Adérẹ̀mí, tí ó jọba láti ọdún 1930, ni ó gun àtẹ̀gùn yìí dé òkè. Akọ̀wé tí ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè, tí ó sì ti ṣòwò, ni. Lábẹ́ ètò ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀, ọba ní kóòtù, ó ní àpò owó, ó ní òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù. Àwọn ohun tí Philip Kejì fi ogójì ọdún kó jọ wá pé sí Ènuwà lẹ́ẹ̀kan. Láti ọdún 1954 sí 1960 Adérẹ̀mí ni olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba ní Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ọdún 1960 sí 1962 òun ni Gómìnà ẹkùn náà.

Ṣùgbọ́n ohun àyálò ni. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1952 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò owó lọ sí ọwọ́ àwọn tí a dìbò yàn. Ní ọdún 1978, òfin ilẹ̀ gbé àkóso ilẹ̀ fún gómìnà ìpínlẹ̀. Nígbà tí Adérẹ̀mí wàjà ní ọdún 1980, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àtẹ̀gùn kejì àti ìkẹta ti kúrò ní ààfin.

9. Àsọkágbá

Ohun tí a ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé àwọn Ọọ̀ni kì í ṣe àwòrò lásán, agbára wọn kò sì ti òfuurufú já bọ́. Wọ́n fi oyè so ìletò pọ̀, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọlá, wọ́n fi Ìharè àti Mọ̀dẹ́wà ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n sì fi ìbátan so ọba mọ́ ọba. Àbùkù ètò náà ni pé kò sí ẹni tí ó ń gbé ìlú mìíràn nítorí Ọọ̀ni. Ní ọdún 1849 àti 1882, àbùkù yìí hàn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo ìgbẹ̀yìn àwọn méjèèjì tí a fi wé ara wọn. Ọba Faransé gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìjọba tí ó kọ́ sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nílò ọba mọ́: ní ọdún 1793 wọ́n bẹ́ ọba lórí, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ifẹ̀ pàdánù àtẹ̀gùn tí ó yá, ṣùgbọ́n èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kù sílẹ̀. Ọlọ́jọ́ ń bọ̀ lọ́dọọdún, ìjòyè tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 'ọba' ṣì ń kúnlẹ̀ ní Òkè Mògún. Bí a bá tún fẹ́ kọ nípa agbára ọba ní ilẹ̀ Yorùbá, ó yẹ kí á dẹ́kun bíbéèrè bóyá Ọọ̀ni ní agbára tàbí kò ní, kí á máa béèrè èyí tí ó kọ́ fúnra rẹ̀ àti èyí tí wọ́n yá a.